Private DNS lórí Android: ó pa ìpolówó lẹ́nu mọ́, ó sì tì wá mọ́ ìta ní òtẹ́ẹ̀lì

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́, òtẹ́ẹ̀lì kan n'Ìbàdàn. Wi-Fi gbà. Ojú-ewé tí wọ́n ti ń tẹ nọ́ńbà yàrá àti kóòdù inú ìwé pélébé yọ, ó ní "Welcome". Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tó ṣí mọ́. WhatsApp ń yí, méèlì ń yí, áàpù báǹkì ń yí. Lábẹ́ orúkọ Wi-Fi náà ni gbólóhùn kékeré kan wà tí ènìyàn lè má rí rárá: "Private DNS server cannot be accessed". Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbólóhùn yẹn gbà lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta, òun ló sì jẹ́ kí àgbéyẹ̀wò yìí gùn tó báyìí.

Fún ẹni tí kò tíì lò ó rí, n ò ní pẹ́ níbẹ̀. Kí fóònù tó ṣí ìkànnì kankan, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè nọ́ńbà ibi tí ìkànnì náà ń gbé lọ́wọ́ server kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn; ìbéèrè yìí ni wọ́n ń pè ní DNS. Bí ẹ ò bá fọwọ́ kan nǹkan kan, gbangba ló sábà máa ti ń béèrè, láti pọ́ọ̀tù 53 (pọ́ọ̀tù dà bí ilẹ̀kùn onínọ́ńbà tí nẹ́tíwọ̀kì ń gbà wọlé jáde), ẹni tó ni Wi-Fi tàbí iléeṣẹ́ tó ta dátà fún yín sì lè ka orúkọ gbogbo ibi tí ẹ yà sí. Private DNS, tó ti wà nínú Android láti orí Android 9 lọ́dún 2018, ń sọ ìbéèrè náà di àṣírí kó tó jáde, pọ́ọ̀tù 853 ló sì ń gbé e gbà. Tó bá jẹ́ AdGuard DNS, server ọ̀fẹ́ tó ń dí ìpolówó, lẹ ní kí fóònù máa bi, tó bá ti béèrè pé níbo ni doubleclick.net, ilé ìpolówó Google, ń gbé, 0.0.0.0 ló máa gbọ́, nọ́ńbà tí kò lọ síbì kankan. Ìpolówó ò rí ọ̀nà wá, àwọn amí tó ń tọ ipasẹ̀ yín kiri láti ìkànnì kan sí òmíràn náà ò rí ọ̀nà wá. Kò sí áàpù tí ẹ máa gbé sórí fóònù, kò sì sí kọ́bọ̀ tí ẹ máa san.

Ó dáa. Òtẹ́ẹ̀lì.

Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà kọ́kọ́ ní kí n pa fóònù kí n tún un tàn. Ó ní kí n tẹ "Forget" sí Wi-Fi náà, kí n tún padà wọlé. Kò yí padà. Ó ní ó jọ pé kóòdù yẹn ti kú, ó já ìwé pélébé mìíràn fún mi. Kóòdù tuntun náà wọlé, "Welcome" tún yọ, gbogbo nǹkan tún dákẹ́. "Ẹ má bínú sà, tiwa ń ṣiṣẹ́ o. Ẹ wo tèmi." Òótọ́ ló sọ, TikTok ń jó lọ lórí fóònù tirẹ̀. Ó fi sùúrù ṣe é, kò gbójú sókè sí ẹnikẹ́ni, mo sì fẹ́ kó hàn nínú àkọsílẹ̀ pé òun kọ́ ni mo bínú sí.

Ẹnì kejì ni. Wọ́n pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá IT. Kò jókòó. Ó gba fóònù, ó wọ Settings, ó kọjá lára gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì tí kò dúró kà á, ó wá ní: "Ẹ̀gbọ́n, fáírọ́ọ̀sì ti wọ fóònù yín. Ẹ jẹ́ ká ṣe factory reset fún un, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni." Ó ti ń wá ibi tí bọ́tìnnì rẹ̀ wà nígbà tí mo gba fóònù mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: fóònù tí dátà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lóde, tó jẹ́ orí Wi-Fi kan ṣoṣo ló ti ń kọṣẹ́, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ pa Wi-Fi, ẹ tan dátà. Tí ìkànnì bá ṣí, a jẹ́ pé fóònù kò ṣàìsàn, orúkọ tí ẹ tẹ sínú Private DNS kò sì ní àṣìṣe. Ẹ wá tan Wi-Fi padà, kí ẹ yí Private DNS sí "Automatic", ìyẹn ni pé kó lo DNS tí Wi-Fi náà bá fún un. Tó bá ṣí wàyí, ẹ ti mú olè: Wi-Fi yẹn ló ti ilẹ̀kùn pọ́ọ̀tù 853. Tó bá jẹ́ pé orí dátà náà kò ṣí, ẹ wo ọjọ́ àti aago orí fóònù. Bátìrì tó kú pátápátá lè dá ọjọ́ padà sẹ́yìn, bí ọjọ́ ò bá sì tọ̀nà, fóònù kò ní gba ìwé-ẹ̀rí tí server fi ń fi ara rẹ̀ hàn. Kò ní sopọ̀. Ẹ tún wo orúkọ tí ẹ tẹ lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Ìdí mẹ́ta yìí ló sábà máa ń fà á.

Ohun tó ń bí mi nínú sí àwọn tó ṣe Android nìyí. Tí ẹ bá ti tẹ orúkọ server síbẹ̀, fóònù kò ní gbà láti lo ọ̀nà mìíràn. Ìyẹn dára, nítorí ẹni tó bá fẹ́ yọ́jú wo ọ̀rọ̀ yín kò ní lè fi tipátipá dá a padà sí gbangba. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọn ò kọ ọ́ ní gbàǹgbà pé "Wi-Fi yìí kò jẹ́ kí Private DNS kọjá, ṣé kí n pa á níbí nìkan?" Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ò lè sọ pé kó ṣiṣẹ́ nílé kó sì sinmi ní òtẹ́ẹ̀lì. Ó wà níbi gbogbo tàbí kò sí níbì kankan. Láti ọdún 2018!

Mo yí i sí Automatic ní aago mẹ́sàn-án kọjá ogójì ìṣẹ́jú, íntánẹ́ẹ̀tì sì wọlé bí odò. Àwọn ìpolówó náà tẹ̀ lé e wọlé. Ìròyìn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kà: fídíò bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀, àwòrán bẹ́tì bo ìdajì ojú-ewé, ibi tí mo fẹ́ tẹ̀ sún sísàlẹ̀ kí ìka tó kàn án, ojú-ewé mìíràn ṣí fúnra rẹ̀ pé fóònù mi ti ní fáírọ́ọ̀sì mẹ́rin. (Ọ̀gá IT ìbá dunnú.) Oṣù mẹ́jọ ni gbogbo ariwo yìí fi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sì ti gbàgbé pé ó wà. Orí ibùsùn yẹn ni ìbínú mi ti yí padà. Nǹkan tí mo ti ń kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀ láti bí wákàtí kan ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí wá bí mo ṣe máa gbà á padà kílẹ̀ tó mọ́.

Ọ̀nà kan wà tí kì í gba pọ́ọ̀tù 853 rárá. Nínú Chrome, ẹ lọ sí Settings, Privacy and security, lẹ́yìn náà "Use secure DNS". Ẹ yan Custom, kí ẹ tẹ https://dns.adguard-dns.com/dns-query síbẹ̀. Pọ́ọ̀tù 443 ni ìyẹn ń gbà, ọ̀nà kan náà tí gbogbo ìkànnì tó ní https ń gbà, kò sì sí òtẹ́ẹ̀lì tó lè ti pọ́ọ̀tù yẹn kó má ti ọ̀pọ̀ ìkànnì pa. Chrome nìkan ló ń bò, kò kan àwọn áàpù yòókù, ṣùgbọ́n ó tó fún alẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ rántí yọ ọ́ tàbí kí ẹ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀: tí Chrome bá ní server tirẹ̀ lọ́tọ̀, kò ní gbọ́ ti Private DNS orí fóònù mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń pariwo pé àwọn ti ṣe gbogbo rẹ̀, ìpolówó ṣì ń yọ nínú Chrome.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nǹkan bí aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú, Ọ̀gá IT wà nídìí káńtà. Mo fi àyẹ̀wò oníṣẹ́jú méjì yẹn hàn án, mo ní pọ́ọ̀tù 853 ni. Ó dákẹ́. Ó tún un ṣe fúnra rẹ̀ lórí fóònù tirẹ̀, ó rí gbólóhùn kan náà. "Háà. Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó ṣe é fún wa ló ní kí n máa ṣí 53, 80 àti 443 nìkan, kí n ti ìyókù." Ó wọ ọ́fíìsì, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti ṣí i. Ó bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀rọ̀ fáírọ́ọ̀sì àná, ó wá ní kí n kọ orúkọ server náà fún òun sórí ìwé. N ò mọ oníṣẹ́ Wi-Fi mélòó tó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ni mò ń fún ní máàkì, òun nìkan ì bá gbà gbogbo rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ tan án, ẹ ṣí Settings kí ẹ tẹ "Private DNS" sínú àpótí ìwárí tó wà lókè, torí kálukú ló ní ibi tó tọ́jú rẹ̀ sí. Lórí Samsung, ó wà nínú Connections, lábẹ́ More connection settings. Ẹ yan "Private DNS provider hostname", ẹ tẹ dns.adguard-dns.com, ẹ tẹ Save. Ẹ má fi https:// síwájú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí kíbọ́ọ̀dù fi àlàfo sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má tẹ nọ́ńbà 94.140.14.14, orúkọ nìkan ni Android ń gbà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ fídíò àtijọ́ ṣì ń pe dns.adguard.com, tuntun yìí ni kí ẹ lò. Fún fóònù ọmọdé, family.adguard-dns.com ń ti àwọn ìkànnì oníhòòhò mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí adguard.com/test.html láti mọ̀ bóyá ó ti mú.

Àwọn ibi tí kò dé pọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín. Ìpolówó YouTube ń bọ̀ láti ilé kan náà tí fídíò ti ń bọ̀. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn ilé yẹn, ó ti fídíò náà mọ́ ìta nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Facebook. Tí Opera Mini bá ń fún dátà yín pọ̀, server ti Opera ló ń bá yín gbé ojú-ewé wá, DNS orí fóònù kò sí lójú ọ̀nà yẹn. Lórí Google, àwọn àbájáde tí wọ́n kọ "Sponsored" sí kò ní ṣí bí ẹ bá tẹ̀ wọ́n; kì í ṣe pé íntánẹ́ẹ̀tì yín bàjẹ́, ọ̀nà ìpolówó ni wọ́n ń gbà, ẹ sún sísàlẹ̀. Ọ̀nà "unsubscribe" inú àwọn méèlì kan náà máa ń kú báyẹn. Ọmọ tó bá ń ṣe géèmù tí wọ́n ti ń wo fídíò kí wọ́n tó fún un ní ẹ̀mí kan sí i yóò wá sunkún bá yín, torí fídíò yẹn kò ní wá.

Ìfitónilétí tí ìkànnì òfófó ń rán sórí fóònù lẹ́yìn tí ẹ ti tẹ "Allow" lẹ́ẹ̀kan, tí ò jẹ́ kéèyàn sinmi, DNS kì í sábà dá a dúró. Inú Chrome ni ẹ ti máa pa á: Settings, Site settings, Notifications. Àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó láti ọwọ́ iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ńkọ́? Ẹ fi STOP ránṣẹ́ sí 2442, ètò NCC, àjọ tó ń bójú tó iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, ni, Nàìjíríà nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ní ti àṣírí, mo ní ẹjọ́ kan. Ẹni tó ta dátà fún yín kò ka ìbéèrè DNS yín mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí fóònù bá fẹ́ wọ ìkànnì náà gan-an, ó sábà ṣì máa ń dárúkọ ibi tó ń lọ sókè lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ń rí nọ́ńbà ibẹ̀. Wọn ò rí ohun tí ẹ kà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ilé tí ẹ wọ̀. AdGuard fúnra rẹ̀ wá di ẹni tó ń gbọ́ gbogbo ìbéèrè yín. Ẹni tí ìyẹn kò bá tẹ́ lọ́rùn lè lo adblock.dns.mullvad.net ti Mullvad ní Sweden, tó ń dí ìpolówó láìgba owó tàbí orúkọ yín, tàbí dns.quad9.net ti Quad9 ní Switzerland, tó ń dí ìkànnì àwọn oníjìbìtì àti fáírọ́ọ̀sì ṣùgbọ́n tí kì í fọwọ́ kan ìpolówó. Fún ìdọ̀tí tó bá ṣẹ́ kù, Firefox orí Android ń gba uBlock Origin, àfikún kan tó ń dí ìpolówó, Chrome orí fóònù kì í gbà á.

Tí ẹ bá ṣe é sórí fóònù àgbàlagbà, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kékeré kan, kí ẹ fi há ẹ̀yìn páálí fóònù: "Bí Wi-Fi bá kọ̀, Settings, Private DNS, Automatic." Láìsí ìwé yẹn, ẹ̀yin ni wọ́n máa pè láàárọ̀ kùtù, tàbí kí wọ́n gbé fóònù lọ fún ẹni tó máa nù ún.

Ìràwọ̀ méjì àtààbọ̀ nínú márùn-ún, nítorí gbólóhùn kan ṣoṣo tí wọn ò kọ dáadáa yẹn. Fóònù mẹ́rin ló wà nílé wa, gbogbo wọn ló ṣì wà lórí rẹ̀.