Ilẹ̀ tí oró wọ̀ àti ilé àtijọ́: èwo ni ká kọ́kọ́ tún ṣe?

Ní Seattle, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ kan fi èédú, lẹ́yìn náà epo rọ̀bì, ṣe gáàsì létí adágún láti 1906 títí di 1956. Ìgbà tó fi kógbá sílé, ọ̀dà dúdú àti oró kẹ́míkà ti mu ilẹ̀ yó. Ìlú rà á ní 1962. Richard Haag, ayàwòrán ọgbà, sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́ tí wọ́n ń pè ní Gas Works Park, wọ́n sì ṣí i ní 1975. Kò wó àwọn ẹ̀rọ gàgàrà tó ti dípẹtà. Ó fi àwókù mọ òkè kékeré, ó da iyẹ̀pẹ̀ tuntun bò ó, orí rẹ̀ làwọn èèyàn ti ń fi káìtì ṣeré. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn, wọ́n kùn wọ́n ní ọ̀dà aláràbarà fáwọn ọmọdé. Síbẹ̀ oró ò tán: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lúwẹ̀ẹ́ létí omi ibẹ̀.

Freedom Park l'Ékòó ńkọ́? Ẹ̀wọ̀n Broad Street ni tẹ́lẹ̀, ibi tí wọ́n ti Herbert Macaulay mọ́. Wọ́n wó o ní 1979, ó di ààtàn, kí Theo Lawson, ayàwòrán ilé, tó sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́. Wọ́n ṣí i ní 2010. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn, ìtàgé ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ní tèmi, ilé àtijọ́ ni màá kọ́kọ́ dóòlà. Ilẹ̀ olóró ṣeé fi ọgbà yí ká títí owó á fi dé. Ilojo Bar, ilé àwọn Àgùdà (àwọn tó ti Brazil padà wálé) ní Tinubu Square l'Ékòó, ìjọba ti kéde rẹ̀ ní 1956 pé ohun àjogúnbá ni. Wọ́n wó o ní 2016. Ó ṣì ń dùn mí. Àfi tí àwọn èèyàn bá ń pọn omi kànga lórí ilẹ̀ olóró yẹn: ìyẹn ò ṣeé fi dọ̀la.