Fíìmù ìfẹ́ ọmọ iléèwé méjì tí mo máa ń sá tọ̀

Bí gbogbo ara bá ti kan gógó, méjì ló máa ń wá sọ́kàn mi. 10 Things I Hate About You (1999) ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù: òṣèré Heath Ledger ń kọrin ìfẹ́ fún ọmọbìnrin kan ní pápá ìṣeré, àwọn ẹ̀ṣọ́ ń lé e kiri, kò sì dákẹ́! Ṣùgbọ́n owó ni wọ́n fún un kó tó dẹnu kọ ọmọbìnrin náà. Ìyẹn ṣì máa ń ká mi lára.

To All the Boys I've Loved Before (2018) rọ̀ ju ìyẹn lọ. Lẹ́tà ìfẹ́ márùn-ún tí ọmọbìnrin inú rẹ̀, Lara Jean, kọ sí àwọn ọmọkùnrin tó sì fi pamọ́ sínú àpótí bọ́ síta, ojú tì í débi pé ó dákú. Tó bá rẹ̀ mí, òun ni. Tínú bá ń bí mi, ti Ledger ni.