Switch tí wọ́n kọ IPv6 sára páálí rẹ̀: oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń lò ó

Ilé ìtẹ̀wé kan n'Ìbàdàn tí mo ń bá tọ́jú ẹ̀rọ wọn ni mo ra switch yìí fún, ẹ̀rọ tó ń fi wáyà so kọ̀ǹpútà àti printa pọ̀. Ó ní port (ihò wáyà) mẹ́rìnlélógún, tuntun sì ni nínú páálí, láti Computer Village n'Ìkẹjà. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, torí ohun tí mo fẹ́ sọ kan ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ tó wà lọ́jà. Ohun tó jẹ́ kí n mú un ni IPv6, irú àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì tuntun, tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí.

Mo ń wá IPv6 nítorí pé gbogbo àdírẹ́sì IPv4, irú ti àtijọ́, kò ju bílíọ̀nù mẹ́rin ó lé díẹ̀ lọ, IANA, àjọ tó ń pín wọn, sì ti pín ìdì tó kẹ́yìn lọ́wọ́ ẹ̀ tán láti oṣù kejì ọdún 2011. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ń pín lò báyìí. Ẹni tó bá ti gbìyànjú àtiwo kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti ilé á mọ ìyà tó wà nínú ẹ̀.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Kò sí switch tí IPv6 ò lè gba inú ẹ̀ kọjá. Àdírẹ́sì MAC, nọ́ńbà tí wọ́n fi dá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ̀, ni switch lásán ń wò kó tó mọ ibi tó máa gbé ẹrù lọ, kì í tú ẹrù wò. Nítorí náà, èyí tó kéré jù lọ lọ́jà lè kọ IPv6 sára kó má sì purọ́. Ohun tó yẹ kí ẹ bi òǹtajà ni pé: ṣé mo lè fi IPv6 wọ inú rẹ̀ láti ṣètò rẹ̀? Ṣé ó lè dá router (ẹ̀rọ tó ń so wá mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì) àjèjì dúró? Ṣé ó lè gbé IPv6 láti VLAN kan (ẹ̀ka nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n yà sọ́tọ̀) lọ sí òmíràn?

Ìbéèrè kejì yẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn èyí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òṣìṣẹ́ kan gbé router kékeré wá láti ilé, ó sì ki wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa bọ port LAN rẹ̀. Nínú IPv6, router ló máa ń kéde ara rẹ̀ pé, "Èmi lọ̀nà, ẹ gba ọ̀dọ̀ mi," gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà tó bá gbọ́ á sì gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ojúlé wẹ́ẹ̀bù kan á ṣí, òmíràn ò ní ṣí. Mo tẹ ipconfig, àṣẹ tó ń fi ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ǹpútà hàn, mo rí ọ̀nà àbájáde méjì, fe80 ló ṣáájú àdírẹ́sì méjèèjì. Mo tan RA Guard, ohun tó ń dí ìkéde router àjèjì, mo fọkàn tán port 24 nìkan tí router tiwa wà, wàhálà tán. Láti 2011 ni RFC 6105, ọ̀kan nínú àwọn ìwé tó ń ṣàlàyé bí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣiṣẹ́, ti ṣàlàyé RA Guard, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ switch olówó pọ́ọ́kú ni kò ní in.

Ibi tó ti já mi kulẹ̀ ni MLD snooping. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jẹ́ kí switch mọ àwọn ẹ̀rọ tó fẹ́ gbọ́ multicast, ìpè kan tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lè gbọ́. Mo tàn án kí multicast má bàa máa dà sí gbogbo port. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin ó lé díẹ̀, printa ò sí mọ́. Mo pa á, mo tàn án, ó padà wá, ó tún lọ. Òru méjì ni mo fi wá a kí n tó fi fóònù ka àkókò náà: bíi ìṣẹ́jú àáyá 260. IPv6 ò ní ARP tí IPv4 fi ń wá ẹni tó ni àdírẹ́sì, multicast ni ẹ̀rọ fi ń béèrè pé, "Ta ló ni àdírẹ́sì yìí?" Switch ní ìwé orúkọ àwọn tó fẹ́ gbọ́ ìpè náà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí querier (abéèrè) kan máa béèrè lóòrèkóòrè bóyá wọ́n ṣì wà. Querier ò sí lọ́dọ̀ wa, nítorí náà wọ́n pa orúkọ printa rẹ́, bí ọmọ ẹgbẹ́ tí wọn ò pè sípàdé mọ́. Inú switch yìí gan-an ni querier wà, kò kàn sí lójú ewé ìṣètò rẹ̀ ni. SSH, ọ̀nà tí wọ́n fi ń tẹ àṣẹ sínú ẹ̀rọ láti ibòmíràn, ni mo gbà wọlé tí mo fi tẹ àṣẹ náà. Ìwé ìlò rẹ̀ ò sọ gbólóhùn kan nípa rẹ̀, ìyẹn sì dùn mí gan-an.

Ní ti gbígbé IPv6 láàárín VLAN, ó ń ṣe é dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní kí n yan ètò ìrántí tó gba IPv4 àti IPv6 pọ̀, kí n sì tún un tàn. Àyè tí IPv6 bá gbà, IPv4 ló pàdánù rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìtẹ̀wé kékeré ò ní mọ̀ ọ́n lára.

Mo ń fi IPv6 wọ inú rẹ̀ láti ṣètò rẹ̀, kò sí wàhálà. Ibi tí wọ́n ti ń ṣètò aago rẹ̀ nìkan ni kò gbà ju IPv4 lọ. Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Wọ́n ti gbé firmware (ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà) tuntun jáde lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà, mo fi méjèèjì sí i, aago ṣì wà lórí IPv4.