Ìgbéyẹ̀wò férémù AM14U ti AndyMark: ohun tó yẹ kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tún lò, àti ohun tí kò yẹ

Nínú ìdíje FIRST Robotics Competition, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ti ń ṣe ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1992, eré tuntun ni wọ́n máa ń kéde ní oṣù kìíní lọ́dọọdún. Ohun tí rọ́bọ́ọ̀tì máa gbé àti ibi tó máa gbé e sí ń yí padà, ṣùgbọ́n dandan ni kó rìn. Orí èyí ni férémù AM14U, ìyẹn ìsàlẹ̀ onítáyà tó ń gbé rọ́bọ́ọ̀tì rìn, dúró lé, èyí tí ilé iṣẹ́ AndyMark ní ìlú Kokomo, ìpínlẹ̀ Indiana, kọ́kọ́ gbé jáde fún ìdíje ọdún 2014. Wọ́n ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti ìgbà náà, síbẹ̀ ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò yẹ̀, mo sì gbà pé ó dára bẹ́ẹ̀.

Páànù àlùmíníọ̀mù tí wọ́n ti gé, tí wọ́n ti tẹ̀, tí wọ́n sì ti lu ihò sí lára ni férémù náà. Táyà mẹ́ta wà lọ́tùn-ún, mẹ́ta wà lósì, bẹ́líìtì ló so wọ́n pọ̀. Gíábọ́ọ̀sì tó sì máa ń bá a wá ń mú kí mọ́tò yí ní ìgbà 10.71 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé táyà àárín wálẹ̀ díẹ̀ ju ti iwájú àti ti ẹ̀yìn lọ, kí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà má baà tẹ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí rọ́bọ́ọ̀tì sì lè ṣẹ́rí padà láìwọ́ táyà nílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá tò ó tán, tó fọwọ́ tẹ igun kan, tó rí i tó fì, ti rí ẹ̀kọ́ kan tí ìwé kì í tètè fi yéni.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Kí ọwọ́ tó dé bẹ́líìtì, àfi kí a tú páànù ìta, èyí tí kò rọrùn rárá láàárín ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì ní ọjọ́ ìdíje. Kò lè rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ tó lówó lọ́wọ́ ti ń lo swerve, nínú èyí tí táyà kọ̀ọ̀kan ní mọ́tò tó ń darí rẹ̀.

Àwọn olùtọ́sọ́nà kan ń sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá tún iṣẹ́ ọdún tó kọjá lò kò ní kọ́ ohunkóhun. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àkókò tí wọn kò bá lò lórí férémù ni wọn yóò rí lò fún apá rọ́bọ́ọ̀tì àti ètò kọ̀ǹpútà, níbi tí eré ọdún náà wà gan-an. Apá ọ̀hún ni kò yẹ kí wọ́n kàn gbé wá: èyí tó gbé kóònù àti kúùbù lọ́dún 2023 kò bá òrùka fóòmù ọdún 2024 mu.

Òfin ìdíje náà ti fa ààlà síbẹ̀. Yàtọ̀ sí àwọn nǹkan díẹ̀ bíi bọ́ńpà àti bátìrì, ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ lo ohun tí ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kí wọ́n tó kéde eré. Àwòrán iṣẹ́ àti ètò kọ̀ǹpútà àtijọ́ sì ṣe é lò kìkì tí wọ́n bá ti gbé e síta fún gbogbo ènìyàn ṣáájú ọjọ́ náà. Òfin tó dára ni, nítorí ó ń jẹ́ kí ọgbọ́n ẹgbẹ́ ńlá dé ọwọ́ ilé ìwé tí kò ní ẹ̀rọ. Ẹgbẹ́ 118, Robonauts, láti League City ní Texas, ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Everybot, àwòrán rọ́bọ́ọ̀tì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹgbẹ́ tuntun tó bá rí AM14U gbà nínú ẹrù ohun èlò ìbẹ̀rẹ̀, kó lò ó láìṣiyèméjì. Ẹgbẹ́ tó bá ti mọ swerve dunjú kò nílò rẹ̀. Ẹni yòówù tó bá lò ó, kó kọ ìdí tó fi yan gíà kan àti ibi tó fi lu ihò sílẹ̀, kó sì gbé e síta kí oṣù kìíní tó dé, torí àwọn tó tò ó lè ti jáde ilé ìwé kí eré mìíràn tó bẹ̀rẹ̀.