Pandapower: ẹni tó bá mọ Python díẹ̀ á gbádùn ẹ̀ gan-an

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń béèrè pé èwo lèèyàn lè fi ṣe ìṣirò nẹ́tíwọ́kì iná láì ra láísẹ́ńsì olówó gọbọi, pandapower ni mo máa ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé wò. Àwọn ará Yunifásítì Kassel àti iléeṣẹ́ ìwádìí Fraunhofer ní Jámánì ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, inú Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, lẹ ti máa lò ó. Ẹni tí ò bá fẹ́ kọ kóòdù rárá kó má wulẹ̀ dá ara ẹ̀ láàmú o, torí kò sí pé à ń fi máòsì fa wáyà káàkiri níbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé tébù ni gbogbo nǹkan. Bọ́ọ̀sì (ibi tí wáyà ti ń pàdé) ní tébù tiẹ̀, wáyà ní tiẹ̀, transfọ́mà, lódì (iná tí àwọn tó ń lò ó ń fà), gbogbo wọn, tẹ́ ẹ bá sì ti pe runpp, àṣẹ tó ń ṣírò bí iná ṣe ń lọ, tán èsì á bọ́ sínú tébù míì, fọ́ltéèjì wà lábẹ́ vm_pu, bí ẹrù ṣe wọ wáyà lọ́rùn tó wà lábẹ́ loading_percent. Ṣé ẹ fẹ́ máa já wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ wo èyí tó máa ti ẹrù àwọn tó kù kọjá 100%? Lúùpù kékeré báyìí ni, kóòdù tó ń tún ara ẹ̀ ṣe. Ẹ lọ fi klíìkì ṣe irú ẹ̀ níbòmíì kẹ́ ẹ wá sọ fún mi bó ṣe rí.

Ẹ fi case14 bẹ̀rẹ̀, nẹ́tíwọ́kì àpẹẹrẹ oníbọ́ọ̀sì 14 ti IEEE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà iná, ó ti wà nínú ẹ̀. Lódì ẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 259 MW, iná tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà á sì tó bíi 13.4 MW, tí tiyín bá yàtọ̀, ẹ ti yí nǹkan kan nìyẹn. (0 ni wọ́n ti ń kà á o, bọ́ọ̀sì 1 inú ìwé ni bọ́ọ̀sì 0 níbẹ̀.)

Ibi tó ti ń bíni nínú ni LoadflowNotConverged, àmì pé ìṣirò ò rí ìdáhùn. Tó bá ti yọ, ó parí, kò ní sọ ibi tọ́ràn wà. Ẹ pe àṣẹ diagnostic nígbà yẹn, á wá bọ́ọ̀sì tí ò so mọ́ nǹkan kan àti lódì tó pọ̀ jù fún yín. Kóòdù àtijọ́ tẹ́ ẹ bá kó láti orí íntánẹ́ẹ̀tì náà, ẹ ṣọ́ra fún un, torí kW ni wọ́n ń lò kó tó di vẹ́ṣọ̀n 2.0 tí wọ́n sọ ọ́ di MW, wọ́n tún yí àmì jẹnẹrétọ̀ padà, iná tó ń wọlé kì í ṣe òdì mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí jẹnẹrétọ̀ ṣe ń mì lẹ́yìn tí fọ́ọ̀tì (ìdàrú lórí wáyà) bá ṣẹlẹ̀, ní mílísẹ́kọ́ńdì, ẹ lọ wá sọ́fítíwíà PSCAD tàbí irú ẹ̀, torí iná tó ti fìdí múlẹ̀, tí kò mì mọ́, ni tibí ń ṣírò. Ṣọ́ọ̀tì-sákíìtì wà ṣá, ti IEC 60909, ìlànà àgbáyé tí wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀, ó sì ṣeé gbára lé. Àwòrán ẹ̀ nìkan ni mi ò gba tiẹ̀, simple_plot, àṣẹ tó ń yà á, ò wuyì rárá, ẹ yáa lo plotly, ohun èlò àwòrán míì nínú Python.