Pààrọ̀ Méjì: Ìfiwéra Bátìrì fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ọkọ̀ Oníná l'Ékòó

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta tòkúnbọ̀ ní Berger, tí ẹ béèrè bóyá bátìrì ọkọ̀ oníná tó wà níwájú yín ṣì lágbára, ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá yín lóhùn pé: "Ẹ má fòyà, bátìrì ẹ̀ ṣe é pààrọ̀." Irọ́ kọ́. Àmọ́ pààrọ̀ méjì ló wà, owó tó sì wà láàárín méjèèjì kì í ṣe kékeré.

Pààrọ̀ àkọ́kọ́ dà bí ìgbà tí a bá gbé kéréètì òfìfo lọ gba ẹlẹ́rìndòdò tó kún. Ẹ wọ ibùdó, wọ́n yọ bátìrì tó ti tán, wọ́n ki èyí tó kún bọ̀ ọ́, ẹ bá tiyín lọ. Kò kàn yín bóyá ìgò tí ẹ gbé wá lánàá ni ẹ tún ń gbé lọ. Pààrọ̀ kejì dà bí ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá nọ́ọ̀kì, tí ẹ ní láti lọ wá òmíràn ní Ládípọ̀. Bátìrì ti gbó, ẹ fẹ́ ra òmíràn, àpò yín lowó ti máa jáde. Èkejì yìí ni ọ̀gá tó ń ta mọ́tò ń sọ.

Pààrọ̀ bíi kéréètì

Ní ti mọ́tò, iléeṣẹ́ NIO ní Ṣáínà ló gbajúmọ̀ jù nídìí rẹ̀. Láti 2018 ni wọ́n ti ń kọ́ ibùdó: mọ́tò á wọnú ilé kékeré kan, ẹ̀rọ á tú bóòtù abẹ́ rẹ̀, á sọ bátìrì kalẹ̀, á gbé òmíràn sókè, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹ má jẹ́ kí ìṣẹ́jú yẹn gba ọkàn yín o. Ohun tó ṣe pàtàkì ni èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní August 2020, nígbà tí wọ́n ní èèyàn lè ra ọkọ̀ láìra bátìrì: owó ọkọ̀ fi 70,000 yuan wálẹ̀, oníbàárà wá ń san 980 yuan lóṣooṣù nígbà náà láti fi háyà bátìrì 70 kWh, ìyẹn èyí tó ń gba yúníìtì iná 70. Bí bátìrì bá gbó, iléeṣẹ́ ló gbó mọ́ lọ́wọ́.

Ewu ibẹ̀ náà wà. Iléeṣẹ́ Better Place bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní Israel, Renault Fluence ni wọ́n fi ń ṣe é. Ní May 2013, wọ́n wọ gbèsè, iṣẹ́ parí. Ohun tó yọ àwọn tó ti ra ọkọ̀ ni pé Fluence náà ní ihò tí wọ́n lè fi wáyà ṣáàjì ẹ̀ nílé.

Nílùú Èkó, ọ̀kadà ni pààrọ̀ yìí bá mu. Èèyàn kan lè fọwọ́ gbé bátìrì ọ̀kadà. Bátìrì Nissan Leaf tó nǹkan bí 300 kílò. Leaf, Chevrolet Bolt, Hyundai Kona, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n kọ́ fún ibùdó pààrọ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń wá mọ́tò, pààrọ̀ bíi kéréètì kò sí nínú ohun tó máa rò. Ẹni tó sì ń wá ọ̀kadà, kó kọ́kọ́ rántí pé láti June 1, 2022, ọ̀kadà akérò kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ ní Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Etí-Ọ̀sà, Àpápá, Lagos Island àti Lagos Mainland. Lẹ́yìn ìyẹn, kó béèrè aago tí ibùdó tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀ ń tì, kó sì béèrè bóyá wáyà lè ṣáàjì bátìrì náà nílé. Èyí tí kì í sábà sí lẹ́nu oníbàárà ló lówó nínú jù: ṣé iye yúníìtì tó wọnú bátìrì ni wọ́n ń gbowó lé lórí, àbí iye ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀? Bó bá jẹ́ iye ìgbà ni, bátìrì tí agbára rẹ̀ ti kù sí 70% máa gba owó kan náà lọ́wọ́ yín pẹ̀lú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Bátìrì tó jẹ́ tiyín: kí ló ń mú un gbó?

kWh tí wọ́n ń kọ sára bátìrì, yúníìtì tí a ń rà sínú mítà gan-an ni. Bátìrì 40 kWh gba 40 yúníìtì nígbà tó wà ní tuntun. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn bátìrì kéékèèké tí wọ́n tò pọ̀ di bátìrì ńlá, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan máa ń nípọn sí i díẹ̀díẹ̀, ó sì ń jẹ lára lítíọ́mù tó yẹ kó máa gbé iná. Ọjọ́ orí ń mú un nípọn, ṣíṣáàjì àti lílo ń mú un nípọn, ooru ló sì burú jù. Bátìrì tó kún dé 100% tó wá dúró sójú oòrùn láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́ ń gbó láìrin kìlómítà kan.

Ìdí nìyí tí ohun tó ń tu bátìrì lára fi ṣe pàtàkì. Leaf kò ní omi tó ń yí bátìrì rẹ̀ ká, afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ sí i náà ni. Ní 2012, àwọn tó ni Leaf ní Arizona ti ń pariwo pé agbára ọkọ̀ wọn ń lọ, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ náà kò tíì pé ọdún méjì lọ́jà. Ooru tiwa kò tó ti Arizona, àmọ́ tiwa kò ní ọ̀gìnnìtìn tó máa gba bátìrì sílẹ̀.

| | Leaf 24 kWh | Leaf 40 kWh | Chevrolet Bolt |
|---|---|---|---|
| Ọdún tó jáde | ìparí 2010 | 2018 | 2017 |
| Ibi tó lè dé ní tuntun | 117 sí 135 km | bíi 240 km | 383 sí 417 km |
| Ohun tó ń tù ú | afẹ́fẹ́ lásán | afẹ́fẹ́ lásán | omi |
| Ihò ìṣáàjì oníyára | CHAdeMO | CHAdeMO | CCS1 |

Ẹ wo Leaf 24 kWh tí agbára rẹ̀ ti kù sí 65%. Yúníìtì tó ṣeé lò nínú ẹ̀ kò ju 14 lọ. Ọkọ̀ náà ń jẹ bíi yúníìtì 16 fún 100 kìlómítà, nítorí náà 85 kìlómítà ló kù. Ẹni tó ń ti Ìkòròdú lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, àlọ àtàbọ̀, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo gbogbo ẹ̀ tán. Ẹ wá fi sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ wákàtí mẹ́ta kún un. Mọ́tò kì í jẹ iná tó bá dúró, ìyẹn dáa ju ti epo lọ, ṣùgbọ́n AC ń jẹ yúníìtì kan sí méjì ní wákàtí. Yúníìtì mẹ́rin ti lọ, ọkọ̀ á kú lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń gbé Yábàá tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà lè fi ọkọ̀ kan náà jayé.

Báà dáṣíbọ́ọ̀dù, LeafSpy àti mítà ilé yín

Leaf ní báà 12 tóóró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ń fi iná bátìrì hàn. Wọn kì í ṣe iye iná tó wà nínú ẹ̀, agbára tó kù ni wọ́n ń kà. Báà àkọ́kọ́ kì í lọ àfi tí bíi 15% bá ti lọ. Lẹ́yìn náà, bíi 6% ni báà kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ tó ní 11 kò pàdánù báà kan lásán nìyẹn. Nissan fúnra wọn, nínú gáráńtì tí wọ́n ṣe, gbà pé ohun tó bá wálẹ̀ ju mẹ́sàn-án lọ ti bàjẹ́.

Àmọ́ báà ṣeé parọ́ fún. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó bá kọ̀ǹpútà bátìrì sọ̀rọ̀ lè tún un bẹ̀rẹ̀, báà 12 á sì tàn pípé bí ọkọ̀ tuntun. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó padà sí òótọ́, owó yín á ti wọlé sí ibi tó fẹ́ wọ̀. Ẹ ra OBD oníbúlútúùtù, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù láti ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń sọ, ẹ gbé áàpù LeafSpy sórí fóònù, kí ẹ sì wo nǹkan méjì. SOH ni ìdá agbára tó kù. Èkejì ni àlàfo tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì tó ga jù àti èyí tó kéré jù nínú sẹ́ẹ̀lì 96 tó tò tẹ̀ léra. Tí bátìrì bá ti lọ sílẹ̀ sí bíi 20%, tí àlàfo náà sì ju 100 mV (ìdá kan nínú mẹ́wàá fóltì) lọ, sẹ́ẹ̀lì kan ń kú lọ nínú ẹ̀, òun ni yóò máa dá gbogbo tó kù dúró.

SOH náà ṣeé parọ́ fún. Mítà ilé kò ṣeé parọ́ fún. Ẹ wa Leaf 40 kWh títí yóò fi kù sí 10%. Ẹ gbé e dé ilé, ẹ pa firíìjì, fáànù, pọ́ǹpù omi, gbogbo ẹ̀ pátá, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lójú mítà sílẹ̀, kí ẹ wá ṣáàjì títí ọkọ̀ yóò fi dá ara ẹ̀ dúró. Nínú bátìrì tuntun, ibẹ̀ máa gba bíi yúníìtì 34, àti bíi mẹ́rin tó máa ṣòfò bí ooru lọ́nà. Mítà á ka 38. Bó bá ka 26, bátìrì ti kù sí bíi 68%, ohun yòówù kí dáṣíbọ́ọ̀dù máa wí. Lórí súkẹ́ẹ̀tì lásán, ó lè tó wákàtí 17, ẹ fi òru kan kún ọjọ́ tí ẹ ń ṣe ọjà. Ẹni tó bá kọ̀ kí ẹ ṣe é, ẹ mú 30% kúrò nínú owó tí ẹ fẹ́ san, kí ẹ wo ojú ẹ̀.

LFP àti NMC

Leaf ti 2018, Bolt àti Kona ń lo NMC: nickel, manganese àti cobalt. Bátìrì Blade ti iléeṣẹ́ BYD ní Ṣáínà, tó jáde ní 2020, jẹ́ LFP, tí wọ́n fi irin àti phosphate ṣe. NMC fúyẹ́, ó sì ń gbé ọkọ̀ jìnnà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kíkún àkúnjù: 80% lojoojúmọ́, 100% kìkì ní àárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò. LFP wúwo jù ú, ó ń fara da ṣíṣáàjì lọ́pọ̀ ìgbà jù ú, kì í sì í tètè gbiná. Ó ní ìwà kan: fóltéèjì rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kọ̀ǹpútà kì í mọ iye tó kù dáadáa. Bí ẹ kò bá gbé e dé 100% lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó lè pè é ní 15% kó sì kú. Fún Èkó, níbi tí iná ti ń dé tó tún ń lọ, tí èèyàn sì fẹ́ kí bátìrì kún nígbàkigbà tí ìmọ́lẹ̀ bá wà, LFP la máa mú bí owó bá ká a.

Bolt àti àwọn ọkọ̀ omíyalé

Iléeṣẹ́ tó ṣe Bolt pe gbogbo Bolt 2017 sí 2022 padà nítorí bátìrì tó lè gbiná. Èyí lè jẹ́ oore fún yín: Bolt 2017 tí wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ ní 2022 ní bátìrì tó kéré lọ́jọ́ orí ju ara ọkọ̀ lọ. Ẹ tẹ VIN rẹ̀ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀) sórí ìkànnì NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni; bó bá kọ pé iṣẹ́ náà kò tíì parí, kò sẹ́ni tó máa bá yín parí ẹ̀ níbí. Àwọn kan sì wà tí sọ́fítíwíà dá dúró sí 80%, ẹni tó ń tà á á ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Ọkọ̀ tí wọ́n rà ní òwò gbàǹjo Amẹ́ríkà tí ìwé rẹ̀ kọ "flood", ẹ má rà á rárá. Lẹ́yìn ìjì Ian ní September 2022, ọkọ̀ oníná tí omi iyọ̀ wọ̀ ní Florida ń gbiná lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí omi ti gbẹ. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì wò bóyá iyanrìn wà lábẹ́ ẹ̀, ẹ wo bóòtù abẹ́ bátìrì àti ojú ìdè wáyà aláwọ̀ ọsàn bóyá ìpẹtà funfun tàbí àwọ̀ ewé ti hù síbẹ̀.

Iná ilé

Okùn ṣájà Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ 120V nìkan sí kò gbọdọ̀ kan súkẹ́ẹ̀tì wa. Lórí súkẹ́ẹ̀tì 13A, ẹ má ju 10A lọ, ìyẹn bíi yúníìtì 2.3 ní wákàtí. Súkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú á yọ́. Fún ṣájà ara ògiri 32A, wáyà kọ́pà 6 mm² tó ti inú bọ́ọ̀dù wá tààrà, pẹ̀lú bíréékà tirẹ̀. Tí ẹ́ẹ̀tì tó wọlẹ̀ kò bá sí, ṣájà á tan iná pupa, kò ní ṣiṣẹ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré náà sábà máa ń fa èyí, ẹ pe oníná tó mọ iṣẹ́. Ní iye Band A ti July 2024, ₦209.5 fún yúníìtì kan, 100 kìlómítà nínú Leaf ń jẹ bíi ₦4,000, pẹ̀lú VAT.

Pààrọ̀ bíi ẹ́ńjìnnì

Bó bá wá di dandan, ọ̀nà méjì ló wà. Wọ́n lè yọ sẹ́ẹ̀lì tó kú nìkan: Leaf 24 kWh ní módù 48, ìyẹn àpótí kékeré tó kó sẹ́ẹ̀lì mélòó kan pọ̀, ẹyọ kan tàbí méjì láti inú bátìrì òmíràn lè tó, bí agbára wọn bá súnmọ́ ti àwọn tó kù. Tó bá jẹ́ tuntun pátápátá ni wọ́n fi sáàárín àgbà, sẹ́ẹ̀lì àgbà náà ni yóò ṣì máa dá a dúró. Ọ̀nà kejì ni gbogbo bátìrì. 40 kWh lè wọnú Leaf àtijọ́, ṣùgbọ́n ó nílò ẹ̀rọ kékeré kan tó máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ láàárín bátìrì àti ọkọ̀. Láìsí i, ọkọ̀ kò ní gbà á. Mẹkáníìkì tí kò bá kọ́kọ́ yọ pílọ́ọ̀gì aláwọ̀ ọsàn tó ń já iná bátìrì, kó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó sì wọ ìbọ̀wọ́ 1,000V, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ ẹ̀. Fóltéèjì ibẹ̀ ju 300 lọ, ó ń pààyàn.

Ẹ má fi bátìrì àtijọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn lásán. Leaf 24 kWh tó kù sí 60% ṣì gba yúníìtì 12 sí 14, àwọn tó ń ṣe ínfátà máa ra módù rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. Ẹ dúnàádúrà owó ẹ̀ kí wọ́n tó tú bóòtù àkọ́kọ́, kí wọ́n sì yọ ọ́ nínú owó tí ẹ máa san fún tuntun.