Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́ Tóóró Lẹ́yìnkùlé: Búlọ́ọ̀kù, Kọnkéré, Fibreglass Tàbí Onírọ́bà?

Ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ fún eré ìdárayá ò nílò adágún gbàràmù. Mítà 15 ní gígùn, mítà 2.5 ní fífẹ̀, mítà 1.2 ní jíjìn ti tó kí ẹnì kan máa lọ kó máa bọ̀, kó sì yí po létí ògiri láì forí gbálẹ̀. Lítà 45,000 ni omi inú rẹ̀, ìyẹn táńkà onílítà 10,000 mẹ́rin àtààbọ̀. Ìwọ̀n yìí la fi ṣírò gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó béèrè iye owó, ẹ gbẹ́ kòtò mítà 2 síbẹ̀ lásìkò òjò, kẹ́ ẹ padà lọ wò ó lọ́jọ́ kejì. Tó bá gbẹ, bíi ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ yangí n'Ìbàdàn, ẹ lè mú èyí tó bá wù yín. Tí omi bá ti sun sí i, bó ṣe máa ń rí lápá Lẹ́kki, ẹ yọ búlọ́ọ̀kù kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà.

Nínú àwọn tó ń wọlẹ̀, búlọ́ọ̀kù ló dínwó jù. Ògiri mítà 35 yíká, tó ga ní mítà 1.4, máa gba búlọ́ọ̀kù oníhò 9 ínǹṣì bíi 500. Ẹ ki rọ́ọ̀dù 12 mm bọ ihò wọn, kẹ́ ẹ fi kọnkéré dí gbogbo ihò náà, ká má rí èyí tó ṣófo. Kọnkéré 200 mm ni ìsàlẹ̀, pẹ̀lú rọ́ọ̀dù 12 mm ní 200 mm síra wọn, níbùú àti lóròó. Ìsàlẹ̀ yìí máa jẹ bíi 75 àpò sìmẹ́ǹtì tẹ́ ẹ bá pò ó ní 1:1½:3, ìyẹn sìmẹ́ǹtì, yanrìn àti òkúta. Ẹni tó bá fẹ́ da ògiri pẹ̀lú ní kọnkéré máa fi bíi 80 àpò kún un, yàtọ̀ sí pákó àti owó káfíńtà. Ó wọ́n, àmọ́ òun ló lè dúró nílẹ̀ olómi.

Ibi táwọn méjèèjì ti ń jò ni ẹsẹ̀ ògiri àti ẹnu páìpù. Bíríkìlà á da ìsàlẹ̀ lónìí, á da ògiri lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò ní fi rọ́bà adènà-omi sáàárín. Kọnkéré tuntun kì í sì í lẹ̀ mọ́ èyí tó ti gbẹ dáadáa. Ẹ má gbọ́ pé táìlì á dí i. Táìlì kì í dá omi dúró; sìmẹ́ǹtì adènà-omi tí wọ́n kùn lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe é. Ẹ kún un fómi fún ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó lẹ táìlì. Ẹ gbé garawa omi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sàmì sí méjèèjì. Oòrùn á fà lára àwọn méjèèjì, àmọ́ tí ti adágún bá lọ sílẹ̀ ju ti garawa lọ, ó ń jò.

Fibreglass, ìyẹn ike líle tí wọ́n fi òwú gíláàsì fún lágbára, kì í gba oṣù kó tó parí, ara rẹ̀ ń dán, kò sì nílò táìlì. Ìṣòro rẹ̀ ni pé odindi ló ń dé: ó nílò kúrénì, títì yín sì gbọ́dọ̀ gbà á, ìdí nìyẹn tó fi ṣòro kẹ́ ẹ rí èyí tó gùn tó mítà 15. Tẹ́ ẹ bá fa omi rẹ̀ gbẹ nílẹ̀ olómi, omi abẹ́ ilẹ̀ á tì í sókè bí ọkọ̀ ojú omi, torí kò wúwo. Kọnkéré náà lè gbéra, bí kò tiẹ̀ yá a lára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má fa èyíkéyìí gbẹ nígbà òjò.

Onírọ́bà tó ní férémù irin, bíi mítà 7.3 sí 3.7, làwọn èèyàn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Fún ayálégbé, òun gan-an ló bọ́gbọ́n mu: ẹ so okùn tó ń nà bíi rọ́bà mọ́ ìbàdí yín, kẹ́ ẹ so etí rẹ̀ kejì mọ́ ohun tí kò lè mì, kẹ́ ẹ sì lúwẹ̀ẹ́ lójú kan. Ilẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Tápá kan bá fi sẹ̀ǹtímítà 5 ga ju ìkejì, omi á rọ́ ẹrù sápá kan, irin á sì tẹ̀.

Pọ́ǹpù tó ń fa lítà 7,500 ní wákàtí kan á yí omi adágún mítà 15 po ní wákàtí 6. Oníhọsipáwà kan pẹ̀lú páìpù 2 ínǹṣì tó. Wọ́n á fẹ́ ta oníhọsipáwà 2 fún yín, èyí tó máa jẹ iná, tó sì lè ti ìdọ̀tí gba àárín yanrìn inú fílítà tó ń sẹ́ omi kọjá. Ní ti kílórínì ẹlẹ́bú 65%, gíráàmù 70 á gbé omi náà sókè ní mílígíráàmù kan lórí lítà kan. Ẹ jẹ́ kó wà láàárín 1 sí 3. Tó bá jẹ́ omi bóhòólù lẹ máa lò, ẹ bù ú sínú garawa funfun, kẹ́ ẹ ta kílórínì díẹ̀ sí i. Tó bá pọ́n kó tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, irin wà nínú rẹ̀, ẹ ra omi táńkà.